Ṣájà Méjì Lórí Bátìrì Kan

Bí ẹ bá ń gbé ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀rà tàbí ní Àjàbà, tí ẹ sì ti ra alùpùpù oníbátìrì, ẹ ó ti mọ̀ pé gígùn rẹ̀ kò nira. Ṣíṣájì rẹ̀ ló nira. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá ohun ìrìnnà tí kì í mu epo. Ní Kútọnu àti ní Lomé, ẹni tó ń gun alùpùpù ilé-iṣẹ́ Spiro kì í jókòó de iná. Yóò yà sí ibùdó ìpààrọ̀, yóò yọ bátìrì tó ti rẹ̀, yóò ki èyí tó kún bọ̀ ọ́, ó di ọ̀nà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ilé ẹni la ti ń ṣájì, iná IBEDC la sì ń dúró dè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wa kò tíì kúrò ní “NEPA ti mú iná wá.”

Wọ́n ti pín àwa oníbàárà sí ọ̀wọ́ A títí dé E. Ọ̀wọ́ A ló yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Bí àdúgbò yín bá wà ní ọ̀wọ́ D, wákàtí mẹ́jọ yẹn lè má wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ mẹ́ta lóru, méjì ní ìyálẹ̀ta, mẹ́ta nírọ̀lẹ́. Bátìrì tó nílò wákàtí mẹ́sàn-án kó tó kún, tí iná ń bá ṣe eré bojúbojú, ìgbà wo ni yóò kún? Ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn ronú ṣájà kejì nìyẹn: kí wọ́n so méjì mọ́ bátìrì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí wákàtí mẹ́sàn-án lè di márùn-ún.

Ó ṣeé ṣe, kò sì lòdì. Ṣùgbọ́n bátìrì ni yóò sọ iye tí òun lè gbà. Bí a bá fi ìkánjú wa ṣe òdiwọ̀n, a ó ba nǹkan jẹ́, nǹkan tí a ó bà jẹ́ náà sì lè jẹ́ ilé.

Bí ẹmu ṣe ń wọ kèrègbè

Ìlú ẹlẹ́mu ni Ìlá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ ẹmu wọlé. Adẹ́mu tó fẹ́ da ẹmu tútù láti inú agbè kan sínú kèrègbè mìíràn kì í dà á bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí kèrègbè ṣófo, á dà á gbuurugbu. Bó bá ti ń súnmọ́ ọrùn, tí ìfófòó ń gòkè, á dẹwọ́, á máa kán an díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá dẹwọ́, ilẹ̀ ni yóò mu ún.

Bí ṣájà bátìrì lithium ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ní ìpele kìíní, iye ámpù tó ń wọlé kò yí padà, fọ́ọ̀tì bátìrì ló ń gòkè. Nígbà tí fọ́ọ̀tì bá dé òkè pátápátá, ìpele kejì bẹ̀rẹ̀: fọ́ọ̀tì dúró sójú kan, ámpù ló ń lọ sílẹ̀, títí ṣájà yóò fi tan iná aláwọ̀ ewé pé ó tó. Fọ́ọ̀tì ni agbára tí ń ti iná wọlé. Ámpù ni bí èyí tó ń wọlé ti pọ̀ tó.

Bí ẹ bá so ṣájà méjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, fọ́ọ̀tì kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ámpù wọn yóò dàpọ̀. Ámpù 5 àti ámpù 5 di 10. Ó dà bí ìgbà tí adẹ́mu méjì ń da ẹmu sínú kèrègbè kan. Ìpele kìíní yóò yá ní ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ìpele kejì, níbi ọrùn, kò ní yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ṣájà mẹ́rin yóò mú un kún ní wákàtí kan, ọrùn kèrègbè kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, pupa ti ọ̀kan mọ́ dúdú ti èkejì. Fọ́ọ̀tì ni ìyẹn ń dà pọ̀. Ṣájà 67.2 V méjì tí a so bẹ́ẹ̀ yóò gbé 134 V jáde, èyí tó lè pa bátìrì, tó sì lè pa ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ ka ara ṣájà kí ẹ tó ka owó

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró pẹ́ jù, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe tó burú jù ti ń wáyé. Ọlọ́jà yóò sọ fún yín pé “ṣájà 60” ni, bóyá “ṣájà 72.” Orúkọ lásán nìyẹn. Ohun tí a ń wá ni fọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ sí iwájú ọ̀rọ̀ náà OUTPUT lára ṣájà.

Ẹ wo bátìrì lithium tí wọ́n kọ 60 V sí lára. Ó lè jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 16 ni wọ́n tò tẹ̀léra nínú rẹ̀; sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń kún ní 4.2 V, àpapọ̀ rẹ̀ 67.2 V. Ó sì lè jẹ́ 17, àpapọ̀ 71.4 V. Bó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń kọ LFP tàbí LiFePO4 sí, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń kún ní 3.65 V, ó lè jẹ́ 20, àpapọ̀ 73 V. Bátìrì mẹ́ta, ṣájà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n “60” ni gbogbo wọn lẹ́nu ọlọ́jà. Bí ẹ bá ki ṣájà 71.4 V bọ bátìrì 67.2 V, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yóò máa lọ sí nǹkan bí 4.46 V. Ojú ọ̀nà iná àjónirun nìyẹn.

Bákan náà ni ti 48 V: sẹ́ẹ̀lì 13 ń kún ní 54.6 V, 14 ní 58.8 V, LFP oní-16 ní 58.4 V. Ti 72 V: sẹ́ẹ̀lì 20 ń kún ní 84 V, LFP oní-24 ní 87.6 V.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ bátìrì, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní BMS, yóò gé iná fúnra rẹ̀ bí fọ́ọ̀tì bá pọ̀ jù. Òótọ́ ni, ìdí tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ni ẹ̀ṣọ́ ìkẹyìn. A kì í fi í ṣe ilẹ̀kùn tí a ó máa ṣí, tí a ó máa tì lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tó bá kùnà, kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Òfin tó wà níbẹ̀ ni pé ṣájà kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ fọ́ọ̀tì kan náà pẹ̀lú èyí tó bá alùpùpù wá, àti irú bátìrì kan náà: lithium oní-4.2 V fún lithium oní-4.2 V, LFP fún LFP. Ámpù wọn kò pọn dandan kó bára mu. 5 àti 3 lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Kí ẹ tó san owó, ẹ mú rẹ́wáyà tàbí oníṣẹ́ iná tó ní mítà dání, kó fi wọn ẹnu ṣájà méjèèjì. Ìyàtọ̀ ìdá díẹ̀ nínú fọ́ọ̀tì kan, bí 67.2 àti 67.0, kò burú. Èyí tó rẹlẹ̀ yóò kàn tètè tan iná ewé, èyí tó ga yóò parí iṣẹ́. Àwọn ṣájà kan wà tí kì í gbé nǹkan kan jáde àyàfi tí wọ́n bá rí bátìrì níwájú wọn. Tí mítà bá kọ òdo, ẹ má tíì sọ pé ó ti bàjẹ́.

Bátìrì olójèé, irú ti mọ́tò, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣájà rẹ̀ ní ìpele tirẹ̀ tó máa ń dá mọ̀, méjì pọ̀ sì máa ń da ara wọn láàmú. Bátìrì àyálò tí ilé-iṣẹ́ ìpààrọ̀ ní kò sí níbẹ̀ náà. Àwọn ló ni ín, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì ń bá ṣájà tiwọn sọ̀rọ̀. Ẹ má fi ṣájà ọjà kàn án. Bí ṣájà tiyín náà bá ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kẹta tó fi ń bá bátìrì sọ̀rọ̀, ẹ má so òmíràn pọ̀ mọ́ ọn.

Ọrùn kèrègbè

Ẹ wá ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì tàbí sínú ìwé rẹ̀: iye ámpù tó pọ̀ jù tó lè gbà. Àpapọ̀ ṣájà yín kò gbọdọ̀ ju iye yẹn lọ. Bí ẹ kò bá rí i kà níbikíbi, ẹ má kọjá ìdá mẹ́rin iye Ah, ìyẹn bí àyè inú bátìrì ti tó. Bátìrì 40 Ah, ámpù 10. Bátìrì 20 Ah, ámpù 5, ìyẹn ni pé ṣájà kan ti tó fún un, ẹ má wá èkejì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gba ìdajì iye Ah, ọ̀pọ̀ bátìrì sì lè gbé e. Ṣùgbọ́n bí bátìrì kò bá sọ ti ara rẹ̀ fún wa, ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù bọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká mú bátìrì 60 V, 40 Ah, pẹ̀lú ṣájà 67.2 V tó ní ámpù 5. Ṣájà kan yóò mú un láti òfo dé kíkún ní nǹkan bí wákàtí 8 sí 9. Méjì yóò ṣe é ní nǹkan bí 4 àbọ̀ sí 5. Owó iná kò sì ní pọ̀ sí i: iná tó ń wọ inú bátìrì yẹn, pẹ̀lú èyí tó ń ṣòfò bí ooru, kò ju nǹkan bí yúnìtì 2.8 lọ, yálà ṣájà kan ló gbé e wọlé tàbí méjì.

Ihò tí a ń ki ṣájà bọ̀ lára alùpùpù náà ní ọrùn tirẹ̀. Ihò róbótó kékeré tó wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì kì í sábà gbé ju ámpù 5 lọ láìgbóná. Bí ẹ bá ti ámpù 10 gba ibẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ yóò yọ́. Oníṣẹ́ ni kó pààrọ̀ rẹ̀ sí ihò tó tóbi tó, kó sì so ó mọ́ wáyà tí ṣájì ń gbà wọlé. Kó má so ó mọ́ wáyà tí iná ń gbà lọ sí mọ́tò, torí pé lára àwọn bátìrì kan, ẹ̀rọ aṣọ́bátìrì kì í ṣọ́ ṣájì tó bá gba ọ̀nà yẹn wọlé.

Bí a ṣe ń so ó

Ohun tí oníṣẹ́ yóò ṣe fún yín ni wáyà ẹlẹ́nu méjì: ìdí kan, ẹnu méjì. Ìdí yóò wọ ihò bátìrì, ẹnu kọ̀ọ̀kan yóò gba ṣájà kan. Kó lo wáyà bàbà gidi, tó nípọn tó 2.5 mm² níbi ìdí. Ẹ ha orí rẹ̀ wò, torí wáyà tí wọ́n fi bàbà bò lórí, tí inú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́mù, ti pọ̀ lọ́jà. Kó jó o pọ̀ mọ́ ara. Lílọ́ wáyà pọ̀ kí a wá fi téèpù wé e, kí ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ sọ fún un kó fi fíùsì sí ẹnu kọ̀ọ̀kan, fún ṣájà ámpù 5 kó jẹ́ fíùsì 10. Fíùsì pẹlẹbẹ tó wà nínú mọ́tò kò dára fún iṣẹ́ yìí, torí pé 32 V ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún; lórí 67 V ó lè jó tán kí iná ṣì máa fò láàárín rẹ̀. Kó wá èyí tí wọ́n kọ DC àti fọ́ọ̀tì tó ju ti bátìrì lọ sí lára.

Ohun méjì wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín yẹ̀wò. Èkíní: bí ìdí wáyà bá ti wọ bátìrì, tí ṣájà kan ṣoṣo sì wà lẹ́nu, ẹnu kejì tó ṣófo ti ní iná bátìrì nínú. Irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìkọ̀kọ̀ nínú ọ̀rá, kí ìka ọmọdé tàbí kọ́kọ́rọ́ tó já bọ́ má lè kàn án. Èkejì: ọ̀pọ̀ alùpùpù tí ń ti Ṣáínà wá ń lo púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta tó jọ ti kọ̀ǹpútà gẹ́lẹ́. Ẹnìkan nínú ilé lè mú wáyà kọ̀ǹpútà láti sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó sì ki í bọ bátìrì tààrà láìsí ṣájà láàárín. Ẹ ní kí oníṣẹ́ yí irú ihò bẹ́ẹ̀ padà, ìbáà jẹ́ ṣájà kan lẹ ń lò.

Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé ṣájà tuntun, ẹ so ó mọ́ bátìrì láìfi í sí iná. Bí iná kékeré ara rẹ̀ bá tàn, bátìrì ló ń fún un lóúnjẹ. Irú rẹ̀ yóò máa fa bátìrì sílẹ̀ nígbàkígbà tí iná bá lọ, nítorí náà ẹ máa yọ ọ́.

Iná ilé àti jẹnẹrétọ̀

Ṣájà 67.2 V oní-ámpù 5 ń gba nǹkan bí wáàtì 380 lára iná ilé. Méjì kò tó wáàtì 800, ìyẹn sì kéré sí ohun tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ámpù 13 tó jẹ́ ojúlówó lè gbé. Ewu wà níbi ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tí wáyà rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn ìgbálẹ̀, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti ń mì. Ẹ ki ṣájà kọ̀ọ̀kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri bó bá ṣeé ṣe. Ní àdúgbò tó jìnnà sí tiransifọ́mà, níbi tí iná máa ń rẹlẹ̀, wáyà ilé yóò gbóná ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ṣájà máa ń fa ámpù púpọ̀ láti fi dí ohun tí fọ́ọ̀tì dín kù.

Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná wá, tí gbogbo àdúgbò ń hó, ẹ má sáré. Iná máa ń kọ́kọ́ ga, á tún lọ, á tún dé. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ẹ tan ṣájà kìíní, kí ẹ ka ọgbọ̀n, kí ẹ tó tan èkejì.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour”, èyí tí wọ́n kọ TG950 sí lára, wáàtì 650 ló lè gbé láìdúró. Ṣájà kan ni kí ẹ fi sí i. Mo mọ̀ pé 380 lọ́nà méjì fi díẹ̀ ju 650 lọ, ẹnìkan á sì ní kí a gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ṣájà olówó pọ́ọ́kú ń gbà fa iná kò dọ́gba, ó máa ń fà á ní ìjáwọlé-ìjáwọlé, ẹrù rẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà kékeré sì máa ń wúwo ju iye wáàtì tí a kọ lọ. Ẹni tó ní sólà, ọ̀sán gangan ni kó ṣájì, nígbà tí oòrùn ń ti ara páńẹ́lì wá tààrà, kó má fi bátìrì ínfátà bọ́ bátìrì alùpùpù lálẹ́.

Ibi tí bátìrì yóò wà

Ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló gba àárín kọjá, yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí náà sì ni a ń gbé alùpùpù wọ̀ lálẹ́ nítorí olè. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣájì bátìrì lithium níbẹ̀. Bó bá gbiná, ọ̀nà àbájáde gbogbo ilé ló dí. Ní Niu Yọ́ọ̀kì, níbi tí àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ oníbátìrì gbé oúnjẹ kiri ti ń ṣájì nínú ilé, ọdún 2023 nìkan, irú iná bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 268, èèyàn 18 sì kú.

Bí bátìrì bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́. Ẹ gbé e sórí sìmẹ́ńtì ní fàráńdà ẹ̀yìn tàbí lábẹ́ àtíbàbà tí òjò kò lè dé, kó jìnnà sí igi ìdáná, sí kẹ́ẹ̀gì epo, sí ibi tí ẹnikẹ́ni ń sùn. Nítorí olè, ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ òpó. Kí ṣájà méjèèjì má gun ara wọn lórí, kí afẹ́fẹ́ wọ àárín wọn, kí ẹnikẹ́ni má fi aṣọ bò wọ́n.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè Òkè-Ìlá bọ̀ pẹ̀lú àpò iṣu lẹ́yìn, bátìrì rẹ̀ gbóná. Kó jẹ́ kó sinmi títí yóò fi tutù sí ọwọ́, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, torí bátìrì lithium kò fẹ́ kí a ṣájì òun bí ooru inú rẹ̀ bá ju 45°C lọ, ṣájà méjì yóò sì tún fi kún ooru náà. Bátìrì tó ti wú, tó já lulẹ̀, tàbí tí omi odò ti wọ̀, kò tọ́ sí ṣájà kankan, ká má tíì sọ méjì.

Bí ẹ bá rí èéfín tàbí tí ẹ gbọ́ ìró bí ẹni ń fín nǹkan, ẹ kó èèyàn jáde kọ́kọ́. Ẹ pa mẹ́ìnì bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìgba inú èéfín kọjá. Májèlé ni èéfín náà. Ẹ pe 112. Omi púpọ̀ láti òkèèrè, lẹ́yìn tí iná ilé ti kú, ló ń mú bátìrì tutù. Yẹ̀pẹ̀ lè bo iná mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ooru ṣì wà nísàlẹ̀, ó sì lè tún gbiná lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbé e padà wọlé lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ fi ọ̀sán ṣe é, lọ́jọ́ tí ẹ kò ní kúrò nílé. Ẹ so ìdí wáyà mọ́ bátìrì, ẹ so ṣájà méjèèjì mọ́ ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tan wọ́n sí iná lọ́kọ̀ọ̀kan, àyàfi tí ìwé ṣájà yín bá ní kí ẹ ṣe é ní òdìkejì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ihò bátìrì, ẹnu wáyà, púlọ́ọ̀gì ara ògiri àti bátìrì fúnra rẹ̀. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bí ohunkóhun bá gbóná tí ọwọ́ kò lè dúró lé e, ẹ yọ ọ́, ẹ ránṣẹ́ pe oníṣẹ́. Ẹ tún kàn án lẹ́yìn wákàtí kan.

Ẹ kọ aago tí ẹ bẹ̀rẹ̀, aago tí ṣájà kìíní tan iná ewé, àti ti èkejì, sí ibì kan tí kò ní sọnù. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí wákàtí yẹn sì ti yí padà púpọ̀, bátìrì tàbí ṣájà kan ti ní àrùn, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Lálẹ́ tí ẹ kò kánjú, tí iná sì wà, ẹ lo ṣájà kan péré, kí ẹ sì yọ ọ́ kí ẹ tó sùn. Ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó fún ìrìn ojoojúmọ́, bátìrì tí a kì í fi kún àkúnya lójoojúmọ́ sì ń pẹ́ jù. Ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ fi ṣájà kan ṣoṣo mú un dé kíkún pátápátá, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan sí i tí ẹ ń ṣọ́ ọ, torí pé nígbà náà ni ẹ̀rọ aṣọ́bátìrì ń rí àyè mú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó rẹlẹ̀ bá àwọn tó ga dọ́gba.